Ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn lórí ìrìn àjò ìdílé sí South Tyrol, láàárín àwọn òkè Alps

Ìyá Mojísọ́lá, London

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà. Ìdílé wa ń gbèrò láti lo ìsinmi ilé ìwé tó ń bọ̀ ní South Tyrol, ẹkùn ilẹ̀ Ítálì tó bá Ọ́stríà pààlà, níbi tí àwọn òkè Alps ti yí ìlú Bolzano ká. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ kò fẹ́ ìsinmi tí a ó kàn máa ya fọ́tò òkè káàkiri. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé, ohun tí ojú wọn ti rí, àti àṣà tí wọn kò jẹ́ kó parun mọ́ wọn lọ́wọ́. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn láti bá wa lọ, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí a fi ṣáájú, ìgbà wo nínú ọdún ni ó dára jù, kí sì ni kò yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lé lórí?

Bàbá Táyé, Manchester

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o, Ìyá Mojísọ́lá. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ sọ ìtàn ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò máa ṣe kàyéfì pé òun wà ní Ítálì, síbẹ̀ èdè Jámánì ni etí òun ń gbọ́. Abẹ́ Ọ́stríà ni ilẹ̀ náà wà títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi parí ní 1918, àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 ni ó sì fi í lé Ítálì lọ́wọ́ láìbi àwọn onílẹ̀ léèrè. Nígbà tí ìjọba Mussolini dé, wọ́n fi òfin de kíkọ́ èdè Jámánì nílé ìwé, wọ́n sì yí orúkọ ìlú àti orúkọ òpópónà padà. Àwọn òbí kò gbà. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé oko, kí àwọn olùkọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, lè kọ́ wọn ní kíkà àti kíkọ èdè ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ló ń dúró dè é.

Ní 1939, Hitler àti Mussolini fi ẹnu kò pé kí olúkúlùkù yàn: kó kó lọ sí Jámánì, tàbí kó jókòó sí ilẹ̀ baba rẹ̀ kó sì gbàgbé èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí da ẹbí rú, ó sì sọ aládùúgbò di ọ̀tá ara wọn. Èyí tó pọ̀ jù lọ yàn láti lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí 75,000 ni ó kúrò ní tòótọ́ kí ogun tó dá ìṣíkiri náà dúró. Lẹ́yìn ogun, Ọ́stríà àti Ítálì ṣe àdéhùn ní Paris ní 1946, òfin tó fún ẹkùn náà ní àṣẹ gidi láti máa ṣàkóso ara rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ ní 1972.

Ní Bolzano, ọwọ̀n ìṣẹ́gun funfun ńlá kan wà tí ìjọba Mussolini kọ́ ní 1928. Wọn kò wó o. Láti 2014 ni wọ́n ti ṣe àfihàn ìtàn sí abẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lo ilé àti òkúta láti fi jẹ gàba lórí ènìyàn, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé rẹ̀. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn lọ síbẹ̀ láìmú àbúrò rẹ̀, kí ẹ fún un ní ààyè láti kà á jẹ́jẹ́.

Adùkẹ́, Verona

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó yára fi ń gbé wa láti ọ̀dọ̀ wa dé Bolzano, nítorí náà mo mọ ibẹ̀ dáadáa.

Ohun tí àwọn ọmọdé kì í gbàgbé níbẹ̀ ni Ötzi, ọkùnrin ayé àtijọ́ tí yìnyín pa òkú rẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní 5,000 ọdún. Tọkọtaya ará Jámánì kan, Helmut àti Erika Simon, ni wọ́n ṣalábàápàdé rẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, 1991, níbi tó ga tó 3,210 mítà, àwọn tó sì kọ́kọ́ gbọ́ rò pé ẹni òde òní kan tó ń gun òkè ni ó ṣubú kú. Nígbà tí wọ́n wọn ẹnubodè, wọ́n rí i pé ibi tó sùn sí fi nǹkan bí mítà 92 wọ inú Ítálì. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní Bolzano lónìí, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1998. Yàrá tútù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, òtútù ibẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n 6 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú fèrèsé kékeré kan ni a ti ń yọjú wò ó.

Ẹ má kàn wo òkú náà kí ẹ máa lọ o. Àwọn ohun èlò rẹ̀ ni kí ẹ dúró tì. Àáké rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbà ni ẹnu rẹ̀, èèkù igi rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fìlà rẹ̀ jẹ́ awọ béárì. Wọ́n ki koríko gbígbẹ sínú bàtà rẹ̀ kí òtútù má baà mú un lẹ́sẹ̀. Ọrun tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ kò tíì parí nígbà tí ikú dé. Àmì 61 ni wọ́n kà sí awọ ara rẹ̀, ìlà kéékèèké tí wọ́n fi èédú sí, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí oríkèé rẹ̀ ti jẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìtọ́jú ni wọ́n fi ṣe. Màmá kò ní nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti sín gbẹ́rẹ́ rí yóò lóye ohun tó ń wò. Ní 2001, àwòrán inú ara fi hàn pé orí ọfà òkúta wà ní èjìká òsì rẹ̀, tí ó fi hàn pé ènìyàn ló pa á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwọn ọmọ tiwa. Ère rẹ̀ tó wà nínú ilé náà jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí irun rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí DNA rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fi hàn pé awọ rẹ̀ dúdú ju bí wọ́n ti rò lọ, ó sì ṣeé ṣe kí orí rẹ̀ ti pá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ èyí kí wọ́n tó dúró níwájú ère náà, ìbéèrè tí wọn yóò béèrè yóò dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn lọ.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí èrò máa ń pọ̀ nígbà ìsinmi.

Alàgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mo sì fẹ́ sọ èrò mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òkú ènìyàn ni ẹ̀ ń pè ní ìran wíwò yìí. Ẹni náà ní ìyá, ó ní ibi tó ń lọ, wọ́n sì pa á lórí òkè. Èmi kò ní fa ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí ojú fèrèsé kó máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà pé gbígbọ́n tí wọ́n gbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́ di ohun tí kò lẹ́rù nínú. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ́kọ́ bi Màmá bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Àgbà tó bá dákẹ́ lè máà fara mọ́ ọn.

Adùkẹ́, Verona

Ẹ ṣeun, Alàgbà, òótọ́ ni ẹ sọ, ó sì yẹ kí n ti fi kún un pé kì í ṣe dandan kí ènìyàn wo òkú náà. Wọ́n ya ojú fèrèsé yẹn sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọjá lọ síbi aṣọ àti ohun èlò. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ibi tí mo fẹ́ràn jù ni archeoParc, ní abúlé Unser Frau nínú àfonífojì Schnals, nísàlẹ̀ òkè tí wọ́n ti rí Ötzi gan-an. Wọ́n kọ́ ilé bí irú èyí tí ènìyàn gbé nígbà ayé rẹ̀ sí gbangba níbẹ̀, àwọn ọmọ a sì máa ta ọfà, wọn a máa ṣe búrẹ́dì, wọn a sì rí bí a ṣe ń dá iná láìsí ìṣáná. Kò sí òkú níbẹ̀. Kì í ṣí ní ìgbà òtútù, nítorí náà ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i wò kí ẹ tó lọ.

Ìyá Ìbejì, Munich

Ìgbà tí ẹ bá lọ ni yóò sọ ohun tí ẹ óò rí. Láàárín oṣù kẹfà, àwọn darandaran Schnals a máa da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn gba orí òkè tí yìnyín ṣì bò, wọn a sì sọdá sí pápá ìjẹko tó wà ní Ötztal ní Ọ́stríà. Láàárín oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń dà wọ́n padà wálé, gbogbo abúlé a sì jáde wá pàdé wọn pẹ̀lú oúnjẹ àti orin. UNESCO fi irú dída ẹran láti pápá dé pápá yìí sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá ayé ní 2019. Oṣù kẹfà náà ni wọ́n ń dá iná sórí àwọn òkè lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi Ọkàn Mímọ́ Jésù, láti rántí ẹ̀jẹ́ tí àwọn baba wọn jẹ́ ní 1796 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń bọ̀ wá bá wọn. Ó dùn mí pé ìsinmi ilé ìwé ní London kì í bá méjèèjì mu.

Èyí tó bá ti yín mu ni ọ̀sẹ̀ ìsinmi ìparí oṣù kẹwàá, ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣí ilé oko wọn sílẹ̀ fún àlejò láti jẹ èso chestnut sísun kí wọ́n sì tọ́ wáìnì tuntun wò. Törggelen ni wọ́n ń pè é. Ìdílé pẹ̀lú ìdílé ni wọ́n ń jókòó pọ̀ nínú iyàrá tí wọ́n fi pákó bo ara ògiri rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ààrò ńlá tó ń mú ilé móoru, wọn a sì máa jẹun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí nínú wa, ẹ fi sọ́kàn pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Speck wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn, títí kan ọbẹ̀ àti òkèlè búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní Knödel. Wọ́n máa ń fi ẹ̀fọ́ tàbí wàràkàṣì ṣe òkèlè náà pẹ̀lú. Ẹ béèrè kó tó délẹ̀, ojú kì í sì í tini níbẹ̀. Omi èso àjàrà tí kò tíì kan náà wà fún àwọn ọmọ.

Ẹ má dé sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá bí owó bá tó tàbí kò tó. Ẹ wá ilé oko tó ní àmì àkùkọ pupa, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ South Tyrol ń fún àwọn oko tó ń gba àlejò, níbi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe Schüttelbrot. Ìyàwó ilé gbé ìṣù ìyẹ̀fun rírọ̀ kan sórí pákó róbótó, ó di etí pákó náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń jù ú fìrì-fìrì bó ṣe ń yí i, títí ìṣù náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Kò fi ọwọ́ kàn án rárá. Òórùn ewébẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn gba gbogbo ilé. Bó bá ti inú ààrò jáde, ó ti le kankan, wọn a sì tò ó sórí àgbékọ́ igi, nítorí láyé àtijọ́ ìwọ̀nba ìgbà ni wọ́n ń dáná ààrò lọ́dún, búrẹ́dì náà sì gbọ́dọ̀ pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n fún àwọn ìbejì mi ní pákó kan láti dán an wò, ìyá náà sì dúró tì wọ́n bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni.

Olùkọ́ Délé, Leeds

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ni ó ká mi lára jù. Nínú àwọn àfonífojì Badia àti Gardena, èdè kẹta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ladin, èyí tó hù láti inú èdè Látìnì lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun àwọn òkè náà ní ọdún 15 ṣáájú ìbí Kristi. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, ìdá 4.53 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará South Tyrol péré ni ó sọ pé Ladin ni àwọn. Jámánì yí wọn ká, Ítálì yí wọn ká, síbẹ̀ èdè wọn kò kú. Nílé ìwé wọn, a máa ń fi Jámánì àti Ítálì kọ́ni ní dọ́gba-n-dọ́gba, wọ́n sì ń kọ́ Ladin pẹ̀lú. Wọ́n ní ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní La Usc di Ladins, àti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Micurà de Rü tó ti wà láti 1976.

Gbogbo wa tí a ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a mọ bó ṣe rí nígbà tí ọmọ bá gbọ́ Yorùbá tán tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Àwọn ará Ladin kò pọ̀ tó ìdá kékeré nínú wa, wọn kò sì ní ọ̀nà láti dá wà láìgbọ́ èdè àwọn alágbára tó yí wọn ká. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba èdè àwọn yòókù láìjẹ́ kí tiwọn kúrò lẹ́nu ọmọ. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ẹ kọ́ wọn ní ìkíni Badia, “Bun dé”, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa fi kí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà, nítorí lórí òkè, kì í ṣe ojúlùmọ̀ nìkan ni ènìyàn ń kí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wo aláwọ̀ dúdú pẹ́, torí kì í wọ́pọ̀ ní abúlé wọn, ṣùgbọ́n níbi tí mo lọ, ìkíni ni ó máa ń yí ojú náà padà.

Ní San Martin de Tor, inú kásùlù Ciastel de Tor ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ladin wà, láti 2001. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí Longiarù, níbi tí agbo ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní viles wà títí di òní. Ilé bíi mélòó kan ni ó sún mọ́ ara wọn, omi mímu àti ààrò búrẹ́dì sì jẹ́ ti gbogbo wọn, a sì pín ilẹ̀ yí wọn ká fún oko àti ìjẹko. Lójú ọ̀nà láàárín agbo ilé Seres àti Misci ni àwọn ọlọ tí omi ń yí wà, tí wọ́n ti tún ṣe. Ènìyàn ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má sì ya fọ́tò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ béèrè fún turtres, tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀ tí wọ́n sì dín lórí epo, àti panicia, ọbẹ̀ ọkà bálì, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹran tó wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti sọ.

Nípa ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀: àwọn kásùlù. Wọ́n pọ̀ nílẹ̀ náà, ìyẹn tí mo dárúkọ sì tó fún àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe kó ju àfonífojì kan lọ sínú ọjọ́ kan.

Bàbá Táyé, Manchester

Ọ̀rọ̀ físà kò gbọ́dọ̀ fò wá dá. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí Ítálì, Jámánì, Ọ́stríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú ní Britain. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí Màmá gba físà Britain kí a sì rò pé ó tó. Físà méjì ni wọ́n nílò, a sì gbọ́dọ̀ béèrè ti Schengen ní Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn aṣojú Ítálì, nítorí orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti pẹ́ jù ni a ń kọ̀wé sí. A lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, àti 45 fún ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́fà tí kò tíì pé méjìlá. Bí Màmá bá ti ní físà Schengen lọ́wọ́, ẹ lè gba Munich àti Innsbruck kọjá láìtún béèrè òmíràn.

Ìyá Mojísọ́lá, London

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ti gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní àwọn yóò wo aṣọ àti àáké, àwọn kò ní wo òkú. Ìparí oṣù kẹwàá ni a óò lọ, ilé oko ni a óò sì dé sí. Ìbéèrè kan ló kù: ibo ni Màmá lè dé lórí òkè láìgun àtẹ̀gùn tí yóò da orúnkún wọn láàmú?

Adùkẹ́, Verona

Ẹ mú wọn lọ sí Ritten, ẹ̀gbọ́n mi. Láti Bolzano, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ okùn irin yóò gbé yín gòkè dé Oberbozen ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá, Màmá yóò sì wà lórí ìjókòó. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1907, tó ń gba àárín pápá àti oko lọ sí Klobenstein. Láti Klobenstein, ọ̀nà tó tẹ́jú dáadáa wà tó lọ sí Lengmoos, níbi tí ẹ ti lè rí àwọn ọwọ̀n amọ̀ gíga tí òjò gbẹ́ láti inú ilẹ̀, tí òkúta jókòó sórí ọ̀pọ̀ wọn. Bí orúnkún bá kọ̀, kí wọ́n dúró ní Klobenstein pẹ̀lú yín, kí bàbá àwọn ọmọ mú àwọn ọmọ lọ.

Ẹ béèrè Südtirol Guest Pass, káàdì ìwọkọ̀ fún àlejò, lọ́wọ́ onílé oko kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò ń fún àlejò wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kárí bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin inú ẹkùn náà, àti ọkọ̀ okùn irin ti Ritten yìí. Oberbozen fi ohun tó lé ní 900 mítà ga ju Bolzano lọ, nítorí náà ẹ mú ẹ̀wù òtútù Màmá dání, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nísàlẹ̀.